Àkèré ń kú nínú táńkì: kítríìdì ni, ránáfáírọ́ọ̀sì ni, àbí ẹsẹ̀ pípọ́n?

Alábòójútó, Ẹ̀ka Ọ̀sìn Omi Èkìtì

Ẹ kú uṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà tí òjò ti múlẹ̀ ni ìbéèrè kan náà ti ń wọlé láti Ìjerò, Ìkẹ́rẹ́ àti agbègbè Ìkún. Àkèré tí wọ́n ń sìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja àrọ̀ ń kú. Itan àwọn kan pọ́n, awọ àwọn kan ń bó, ikùn àwọn ọmọ tó ṣì ní ìrù sì ń wú kí wọ́n tó kú. Ẹnìkan ní kítríìdì ni, ìyẹn àrùn awọ tí ìbátan olú kan ń fà, ẹlòmíì ní omi ló bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ohun tí ẹ mọ̀ síbí. Ẹ sọ iye, ẹ sọ ìgbésẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ "ẹ lọ fún wọn ní oògùn", kó dárúkọ oògùn náà.

Dókítà Ẹran, Adó

Kí ẹ tó wo àmì ara, ẹ wo ẹni tó ń kú ná: ọmọ ni àbí àgbà?

Tó bá jẹ́ ọmọ tó ṣì ní ìrù, pàápàá èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ, tí òkú wọn ń léfòó yanturu láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí ikùn wú, tí ẹ̀jẹ̀ sì tò sábẹ́ awọ ní ikùn àti ní ìdí ẹsẹ̀, ránáfáírọ́ọ̀sì, ìyẹn fáírọ́ọ̀sì kan tó ń pa àkèré, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kítríìdì kì í pa ọmọ báyẹn. Inú awọ tó ti yi, irú èyí tí kẹ́rátìn wà nínú rẹ̀, ni kítríìdì ń gbé, ẹnu nìkan ni ọmọ tó ní ìrù sì ti ní in. Ohun tí ẹ máa rí ni pé dúdú ẹnu rẹ̀ á máa ṣí, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́, àmọ́ á ṣì wà láàyè. Ìgbà tí ìrù bá bọ́ tán tí awọ àgbà bo gbogbo ara ni ikú wá dé. Nítorí náà, bí àwọn ọmọ bá dàgbà dáadáa tó sì jẹ́ pé àwọn kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sórí ilẹ̀ ló ń kú tẹ̀léra, kítríìdì ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Àgbà tó ní kítríìdì máa ń jókòó sójú kan, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á nà gbalaja, kò ní sá bí ọwọ́ bá sún mọ́ ọn, awọ á sì máa bó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ dà á dé ẹ̀yìn. Èyí tí ara rẹ̀ dá á yí padà lójú ẹsẹ̀. Èyí tí kò bá lè yí padà ti sún mọ́ ikú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ní egbò kankan, ìyẹn ló ń rú àwọn èèyàn lójú. Awọ ni àkèré fi ń mu omi, awọ náà ló fi ń di iyọ̀ ara mú. Bí kítríìdì bá ti ba awọ yẹn jẹ́, sodium àti potassium inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ọkàn á sì dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹsẹ̀ pípọ́n ní tirẹ̀, bakitéríà ló ń fà á, Aeromonas hydrophila ló sì sábà máa ń jẹ́. Kò sí pọ́ọ̀ǹdù tí kò sí. Ó ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n bá pọ̀ jù, tí omi bá dọ̀tí, tí awọ bá ha. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o: ránáfáírọ́ọ̀sì náà máa ń mú itan pọ́n, kítríìdì náà lè mú abẹ́ ikùn pọ́n. Pípọ́n nìkan kò tó láti dárúkọ àrùn.

Ọ̀kan ṣì kù tí àwọn èèyàn kì í dárúkọ. Bí orí bá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ojú ń di funfun, tí ẹran ń pòòyì nínú omi, ẹ fura sí Elizabethkingia. Ó ti ṣe ọ̀pọ̀ oko àkèré ní Ṣáínà léṣe. Ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò kì í ràn án, ìdílé bakitéríà náà sì ń mú ọmọ tuntun àti ẹni tí ara rẹ̀ kò le. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kó irú wọn, ẹ má sì fọ àwo wọn níbi tí wọ́n ti ń fọ ìkòkò.

Onípọ́ọ̀ǹdù, Ìkún

Dókítà, ẹ ṣeun gan-an sà. Ṣé ẹja àrọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lè kó o?

Dókítà Ẹran, Adó

Kítríìdì kì í ṣe àrùn ẹja. Àmọ́ omi ẹja àti àwọ̀n ẹja lè gbé e kiri. Ránáfáírọ́ọ̀sì yàtọ̀, àwọn kan nínú ìdílé rẹ̀ ń mú ẹja, wọ́n ń mú ahun omi náà. Aeromonas ní tiwọn, ẹ̀yin onípọ́ọ̀ǹdù mọ̀ ọ́n dáadáa lára ẹja àrọ̀. Nítorí náà ẹ má fa omi pọ́ọ̀ǹdù ẹja sínú táńkì àkèré, ẹ má sì fa ti àkèré sínú ti ẹja. Kí oríṣi kọ̀ọ̀kan ní omi tirẹ̀ láti orísun.

Ìyá Aláàkèré, Ìjerò

Ẹ jẹ́ n sọ tinú táńkì, nítorí àwọn dókítà máa ń sáré dé ìdí àrùn kí wọ́n tó bójú wo omi.

Àkèré Hoplobatrachus occipitalis tí ọ̀pọ̀ wa ń sìn, ọ̀jẹun ni. Ọmọ rẹ̀ tó ṣì ní ìrù ń jẹ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí títóbi wọn kò bá dọ́gba, ńlá á máa ge kékeré jẹ, ojú egbò yẹn sì ni Aeromonas ń gbà wọlé. Ẹ máa ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí ìrù á fi bọ́, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ara táńkì tó rí ṣákaṣàka, ìyẹn bulọ́ọ̀kù tí wọn kò rẹ́, máa ń ha imú wọn àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn bí wọ́n bá ń fò lu ògiri. Ẹ rẹ́ ẹ kó dán, tàbí kí ẹ fi tàpólì bò ó nínú.

Oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ kó o jáde. Ẹ má dúró dìgbà tí omi bá ń rùn, òórùn yẹn pẹ́ kó tó dé imú. Lójoojúmọ́ ni kí ẹ máa yí ìdá kan nínú mẹ́ta omi padà. Kí ẹ̀gbẹ́ kan táńkì gbẹ kí wọ́n lè gun òkè. Omi ẹ̀rọ tó ní kílóríìnì, kó dúró nínú dúrọ́ọ̀mù tí kò ní ìdérí fún ọjọ́ kan ná.

Bí ikú bá ti bẹ̀rẹ̀: àwo àti àwọ̀n kan fún táńkì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ọ̀dà kun àmì sí wọn lára. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ara wọn dá ni kí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn ni kí ẹ parí rẹ̀ sí, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn. Ẹ ṣa òkú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ má fi òkú sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí àwọn ọmọ á jẹ ẹ́, ọ̀nà tó yá jù tí ránáfáírọ́ọ̀sì fi ń ràn sì nìyẹn.

Èyí tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà tàbí tí ẹ mú lódò, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́ ó kéré tán. Ọgọ́ta ọjọ́ ló dára jù. Bí ọ̀kan bá kú ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ibẹ̀.

Àbúrò Onípọ́ọ̀ǹdù

Mo gbọ́ pé kítríìdì kò lè gbé nílẹ̀ gbígbóná bíi tiwa. Ṣé òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n?

Olùṣọ́ Òkè, Ẹ̀fọ̀n

Ìdajì òótọ́ ni, ìdajì yẹn ló sì ń tan èèyàn.

Batrachochytrium dendrobatidis, tí a ń pè ní kítríìdì níbí, ìbátan olú ni. Ó ń gbádùn omi tí ìgbóná rẹ̀ wà láàárín dígírì 17 sí 25. Bó bá kọjá 28, kò lè dàgbà mọ́. Ní 37, wákàtí mẹ́rin ti tó láti pa á. Nítorí náà pọ́ọ̀ǹdù tàpólì tó wà lójú oòrùn l'Ádó ní oṣù kẹta kò rọrùn fún un. Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ náà dé oṣù keje àti ìkẹjọ, tí òjò ń rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tàbí ẹ gbé e dé òru ọyẹ́. Ẹ gbé e gòkè wá sí Ẹ̀fọ̀n tàbí Òkèmẹ̀sí, tàbí abẹ́ òjìji ìṣàn omi Àríǹta ní Ìpólé-Ìlórò. Ìgbóná tó ń fẹ́ ló bá níbẹ̀.

Wọ́n sì ti rí i ní Nàìjíríà. Lára àkèré igbó Òkómù, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, ni wọ́n ti kọ́kọ́ jábọ̀ rẹ̀, igbó ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó gbóná sì ni Òkómù, kì í ṣe orí òkè. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣàyẹ̀wò àkèré káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní ọdún 2013, wọn kò rí i ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ pápá gbígbẹ tó la igbó já ní Benin àti Togo. Ọ̀dọ̀ tiwa, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ gbígbẹ yẹn, ló wà. Ẹni tó bá ń kó àkèré láàyè gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá ń gbé e re ibi tí kò tíì dé nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí tiyín ṣe rí, ẹ ra tẹmọ́mítà, ẹ sọ ọ́ sísàlẹ̀ omi, kì í ṣe sójú omi. Ẹ wò ó ní aago mẹ́fà àárọ̀ àti aago méjì ọ̀sán. Ti àárọ̀ ló ṣe pàtàkì jù.

Ọmọ Ìkọ̀gòsì

Ó dáa. Bí ooru bá ń pa á, kí ló dé tí a kò lè kó àwọn aláìsàn wá sí odò gbígbóná tiwa?

Olùṣọ́ Òkè, Ẹ̀fọ̀n

Háà! Ẹ má dán an wò. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni gbígbóná àti tútù ti ń pàdé, tí omi náà sì ń ṣàn lọ. Ohun tó bá bọ́ lára ẹran yín nínú gbígbóná á rí tútù sá sí, á sì bá omi lọ bá ẹni ẹlẹ́ni. Ẹran tí ẹ gbé láti omi tútù jù sínú gbígbóná lójijì á sì kú kí àrùn tó pa á.

Ooru ṣeé lò o, àmọ́ nínú ọgbà yín. Níbi ìdánwò kan, dígírì 30 fún ọjọ́ mẹ́wàá fọ kítríìdì kúrò lára ọ̀pọ̀ jù lọ àkèré tí wọ́n fi sí i. Ní Ọsirélíà, ìwádìí kan tó jáde ní 2024 fi bíríkì oníhò tí wọ́n kùn ní dúdú sínú àgọ́ kékeré tí oòrùn ń wọ̀. Àwọn àkèré fúnra wọn ló ń wọ ihò bíríkì lọ yáná, ọ̀pọ̀ wọn sì bọ́ lọ́wọ́ àrùn. Wọ́n tún rí i pé èyí tó bá ti rí ìwòsàn bẹ́ẹ̀ kì í tètè kú bó bá tún kó o. Èyí kò wọ́n: bíríkì oníhò, ọ̀dà dúdú tó ti gbẹ tí kò rùn mọ́, igi mẹ́rin àti ọ̀rá funfun tí a fi bò ó, kí ẹ̀gbẹ́ kan ṣí sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ẹ gbé tẹmọ́mítà sínú ihò. Bó bá ń kọjá 32, ẹ ká ọ̀rá náà sókè díẹ̀. Àwo omi tútù gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹran náà ni kó yan èyí tó fẹ́. Bí ẹ bá há a mọ́nú ooru, ẹ ti sun ún.

Fún ránáfáírọ́ọ̀sì, ooru kì í ṣe oògùn.

Oníṣẹ́ Láàbù, Adó

Ọ̀rọ̀ bílíìṣì, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń rí àṣìṣe àwọn èèyàn jù.

Ẹ ka ara ike rẹ̀. JIK àti Hypo ọjà sábà máa ń jẹ́ 3.5%. Ife bílíìṣì kan sí ife omi méjì àbọ̀ á fún yín ní 1%. Bó bá jẹ́ 5% ni wọ́n kọ sí i, ife kan sí ife omi mẹ́rin. Ìṣẹ́jú kan péré ni 1% nílò láti pa kítríìdì, ó sì lágbára tó fún ránáfáírọ́ọ̀sì náà, ṣùgbọ́n ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún nítorí orígun àti okùn.

Ohun tó ń sọ ọ́ di omi lásán ni ẹrẹ̀. Kílóríìnì á bá ẹrẹ̀ jà tán kó tó kan àrùn. Nítorí náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ bàtà òjò, àwọ̀n àti àwo títí ẹrẹ̀ á fi kúrò, pàápàá nínú ìlà abẹ́ bàtà, kí ẹ tó rì wọ́n. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa po tuntun, oòrùn ń jẹ agbára rẹ̀. Ẹ má pò ó mọ́ Izal tàbí ohun kíkan, afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè pa èèyàn. Lẹ́yìn náà ẹ fi omi mímọ́ ṣàn wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sá wọn sóòrùn kí wọ́n gbẹ gan-an. Bílíìṣì díẹ̀ tó bá kù lára àwọ̀n ń bó awọ àkèré.

Aṣọ àti àwọ̀n tí kò fẹ́ bílíìṣì, ẹ rì wọ́n sínú omi dígírì 60 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Gbígbẹ pátápátá ń pa kítríìdì, àmọ́ ránáfáírọ́ọ̀sì yi ju ìyẹn lọ, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé oòrùn nìkan. Fún ìwọ̀n: nínú omi adágún tí wọ́n ti pa ohun mìíràn inú rẹ̀, kítríìdì wà láàyè fún ọ̀sẹ̀ méje, nínú iyanrìn odò tó tutù, ó tó oṣù mẹ́ta. Bàtà tí ẹrẹ̀ inú rẹ̀ kò gbẹ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì ṣì lè gbé e.

Onípọ́ọ̀ǹdù, Ìkún

Omi tí a ń dà nù ńkọ́? Odò ló wà lẹ́yìn ọgbà ọ̀pọ̀ wa.

Oníṣẹ́ Láàbù, Adó

Ẹ gbẹ́ ihò tí omi á máa rì sí, kó jìnnà sí odò àti kànga. Omi táńkì aláìsàn, ẹ gbọ̀n ọ́n sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ da bílíìṣì sí i títí òórùn kílóríìnì á fi dúró lórí rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì títí òórùn náà á fi lọ, kí ẹ wá dà á sínú ihò. Bílíìṣì tààrà sínú odò, ikú àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò nìyẹn. Òkú ẹran, ẹ sun ún, tàbí kí ẹ rì í sínú ilẹ̀ tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí ẹ fọ́n láìmù lé e. Ajá kò gbọ́dọ̀ hú u.

Olùtọ́jú Igbó

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí, nítorí gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ táńkì. Àkèré tí iye rẹ̀ kò pọ̀ mọ́ láyé wà nítòsí wa. Sclerophrys perreti, ọ̀pọ̀lọ́ kan tí wọ́n fún lórúkọ ní 1963, Òkè Ìdànrè nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí ní gbogbo ayé. Ojú àpáta tí omi tẹ́ẹ́rẹ́ ń ṣàn lé ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé. Ẹni tó gun Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ láàárọ̀, tó fi bàtà ẹrẹ̀ kan náà gun Ìdànrè lọ́jọ́ kejì, ti ṣe tán láti gbé àrùn dé ilé ẹ̀yà tí kò ní ilé kejì.

Kì í ṣe ìdẹ́rùbà. Àwọn onímọ̀ kà á ní 2019: ó kéré tán ẹ̀yà 501 ni kítríìdì ti dín kù káàkiri ayé, 90 nínú wọn ni wọ́n gbà pé ó ti parun. Òwò ló tàn án ká. Kọ̀ǹkọ̀ Amẹ́ríkà, Lithobates catesbeianus, ń gbé e kiri láìṣàìsàn. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ọmọ rẹ̀ lọ̀ yín pé ó ń tóbi kíákíá, ẹ sọ fún un pé ẹ kò rà. Èyí tí ń gbé orí omi tiwa ti tó.

Ohun méjì: ẹ má tú ẹran oko padà sódò, bó ti wù kó gbádùn tó, ì báà jẹ́ "ẹbọ" tàbí àánú. Ẹ má sì mú ti orí àpáta wá sóko láti fi bí ọmọ.

Ìyá Aláàkèré, Ìjerò

Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Dókítà, oògùn wá ńkọ́? Wọ́n ń fi malachite green lọ̀ wá lọ́jà ẹja.

Dókítà Ẹran, Adó

Ìyá wa, ẹ má gbà á. Kò yẹ kó kan ẹran tí èèyàn máa jẹ rárá, chloramphenicol náà kò yẹ.

Fún kítríìdì, itraconazole ni àwọn tó ń tọ́jú àkèré àìjẹ ń lò, bí irú àwọn tí a fi ń bí ọmọ. Olómi tó jẹ́ miligírámù 10 nínú mílílítà kan: ẹ wọn mílílítà 10, ẹ fi omi iyọ̀ kún un di lítà kan. Omi iyọ̀ náà, gírámù 6 iyọ̀ tí kò ní ayodíìnì nínú lítà kan. Ìyẹn jẹ́ 0.01%. Ẹ rì wọ́n sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́, kí imú wọn wà lókè omi, fún ọjọ́ mọ́kànlá. Tuntun ni kí ẹ máa pò lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa gbé wọn sínú àwo tí a ti fọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á tún kó o padà lára àwo. Ẹ má fún ọmọ tó ní ìrù, ó ń pa wọ́n. Bí wọ́n bá ń gbọ̀n tàbí tí awọ pọ́n, ẹ dá a dúró. Ẹran tí a fún ní èyí kò gbọ́dọ̀ dé ọjà.

Fún ẹsẹ̀ pípọ́n, ẹ tún omi ṣe ná. Oògùn apakòkòrò, ẹ má rà á lọ́wọ́ oníkíóòsì láìṣe àyẹ̀wò, nítorí Aeromonas tó ti mọ oògùn kan lójú kì í gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Fún ránáfáírọ́ọ̀sì kò sí oògùn. Ẹ pa táńkì náà rẹ́, ẹ fọ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ tuntun.

Kítríìdì àti ránáfáírọ́ọ̀sì kì í mú èèyàn. Bakitéríà bíi Salmonella, Mycobacterium marinum àti Elizabethkingia tí mo dárúkọ lókè ló lè mú wa, nítorí náà ẹni tó ní egbò lọ́wọ́ kó wọ ìbọ̀wọ́ ọ̀rá. Aláìsàn kì í ṣe ọjà, yálà ní tútù tàbí ní yíyan.

Àbúrò Onípọ́ọ̀ǹdù

Báwo la ṣe ń mú àpẹẹrẹ lọ fún àyẹ̀wò, sà?

Dókítà Ẹran, Adó

Òwú orí igi tí wọ́n dì mọ́, tí a kò tíì fọwọ́ kàn. Ìbọ̀wọ́ tuntun fún ẹran kọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ sí ẹyọ méjì nínú ọ̀rá kan. Ẹ fi òwú náà ra ikùn lẹ́ẹ̀marùn-ún, inú itan kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀marùn-ún, àárín ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ọmọ tó ní ìrù, ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ rà. Ẹ fi sínú ike tó ní ìdérí láìda nǹkan sí i, kó wà níbi tútù tó ṣókùnkùn. Àyẹ̀wò DNA ni wọ́n máa ń ṣe, ẹ béèrè kí ẹ tó gbé e, kì í ṣe gbogbo yàrá àyẹ̀wò ló ní in. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn.

Fún ránáfáírọ́ọ̀sì, ẹ̀dọ̀ òkú ni wọ́n fẹ́. Ooru wa ń ba òkú jẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀, nítorí náà èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tàbí èyí tó ń pọ̀kàkà ikú ló dára. Ẹ gé ẹ̀dọ̀ kékeré sínú sípíríìtì 70%. Bí ẹ bá fi fọ́málíìnì sí i, DNA á bàjẹ́, àmọ́ ẹ ya òkú mìíràn sínú fọ́málíìnì 10% fún ẹni tó máa wo ẹran ara lábẹ́ maikirosíkópù. Lára ike kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́, orúkọ táńkì, ọmọ ni àbí àgbà, àti ìgbóná omi láàárọ̀. Sípíríìtì máa ń pa yíǹkì rẹ́.